Bí A Ṣe Ń Wọn Ikùn, àti Ohun Tí Rìsẹ́pítọ̀ Ń Ṣe Nínú Ọ̀rá Ibẹ̀

Téèpù télọ̀ ni kí ẹ lò. Láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ ká aṣọ kúrò níkùn, kí ẹ dúró ṣánṣán. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí egungun ìbàdí. Agbedeméjì wọn ni téèpù ń gbà. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wá kà á. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń wọn ibi tí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ lábẹ́ ikùn, irọ́ sì ni nọ́ńbà yẹn ń pa. Ẹ wo dígí pẹ̀lú, torí téèpù máa ń wọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Kí ikùn má tó ìdajì gíga yín: ẹni tó ga ní 170 cm, tó bá ti pé 85, ó ti pọ̀ jù.

Ọ̀rá tó yí ìfun ká léwu fíìfíì ju ti itan lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bá kún àkúnjù, á máa tú MCP-1, kẹ́míkà tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, sínú ẹ̀jẹ̀. Rìsẹ́pítọ̀ ni ohun tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ tí kẹ́míkà bá jẹ́ fún un. CCR2, rìsẹ́pítọ̀ tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ni etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè yẹn. Wọ́n á ya wọnú ọ̀rá, wọ́n á di macrophage, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí àti òkú sẹ́ẹ̀lì mì, wọ́n á sì yí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kú ká. Rìsẹ́pítọ̀ kejì ni TLR4. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó dá èèpo bakitéríà mọ̀, àmọ́ ọ̀rá bíi ti bọ́tà àti ẹran ọlọ́ràá náà lè dá kún un kó jí. Tó bá jí, TNF, kẹ́míkà tó ń fa wíwú nínú ara, á tú jáde, kò sì ní jẹ́ kí rìsẹ́pítọ̀ ínsúlíìnì, èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, jíṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ínsúlíìnì wà lára, ṣúgà ṣì ń gòkè. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gökhan Hotamisligil, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ti TNF yìí hàn lára eku lọ́dún 1993, ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá wọn 100 kg, kó wá ọ̀nà àtidín 5 sí 10 kg kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má febi pa ara yín: lára eku, bí ọ̀rá bá ń yọ́ kíákíá, ńṣe ni macrophage tún ń pọ̀ sí i fúngbà díẹ̀. Ẹja Títù dáa, torí omega-3, ọ̀rá dáadáa inú rẹ̀, ń bá rìsẹ́pítọ̀ GPR120 ṣiṣẹ́, èyí tó ń rọ wíwú náà lójú. Ẹ sè é, ẹ má dín in.

Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi wíwú inú ara hàn, ẹ má lọ nígbà tí ibà tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, torí ìyẹn nìkan á gbé e sókè. Bó bá ju 10 mg/L lọ, kí dókítà kọ́kọ́ wá àìsàn tó fà á, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.