Bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ orin àwọn olórin rock and roll tó kú ní rèwerèwe

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ mọ̀ nípa Buddy Holly, Ritchie Valens àti Eddie Cochran, àwọn olórin rock and roll ilẹ̀ Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1950, ibi ikú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ka ìtàn ikú wọn tán kí wọ́n tó gbọ́ orin kan ṣoṣo, èmi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Tẹ́ ẹ bá ti ki ikú bọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á máa dún bí orin arò létí yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orin ijó ni, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbádùn ayé wọn ló kọ ọ́. Ẹ fi ikú sílẹ̀ ná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Buddy Holly, ọmọ Lubbock ní Texas. Ẹ ki íápíìsì bọ etí, kẹ́ ẹ wá "Peggy Sue" tó jáde ní 1957. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó kàn máa lọ. Ẹ tún un gbọ́, ẹ gbàgbé ohùn, ìlù nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Jerry Allison, onílù Buddy, ń lù ú wìrìwìrì láìsinmi, ẹ ó gbọ́ pé ìlù yẹn á sún mọ́ yín, á tún jìnnà, á tún sún mọ́. Kì í ṣe pé onílù ń rọra lù ú o, Norman Petty tó ni sítúdíò yẹn ní Clovis, New Mexico, ló ń darí ìlù náà gba yàrá tó máa ń dá ohùn padà, tó tún ń yọ ọ́ níbẹ̀ bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá gbọ́ bí Buddy ṣe ń pe orúkọ ọmọbìnrin yẹn, tó ń gé ohùn ẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni tí òsúkè ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀yìn àwo yẹn náà ni "Everyday" wà. Kò sí ìlù níbẹ̀, orúnkún ara ẹ̀ ni Allison ń fọwọ́ gbá, ẹ fara balẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọ.

Ritchie Valens ló kàn. Richard Valenzuela lorúkọ ẹ̀ gangan, ọmọ Pacoima ní California, ọmọ ọdún 17 péré ni nígbà tó gbé "La Bamba" jáde ní 1958. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará Veracruz ní Mẹ́síkò ni, torí náà ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí wọ́n fi háàpù àti gìtá kéékèèké kọ, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti Valens, ìgbà yẹn lẹ máa mọ iṣẹ́ tọ́mọ yẹn ṣe, tó fi gìtá iná àti ìlù rock gbé orin àwọn baba ńlá ẹ̀ lédè Spáníṣì wọnú rédíò Amẹ́ríkà. Ti Eddie Cochran ò le, ẹ gbọ́ "Summertime Blues", ohùn ńlá tó ń dá ọ̀dọ́ inú orin yẹn lóhùn, Cochran fúnra ẹ̀ náà ló ni ín.

Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù rèé. Láàárín ìparí 1958 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1959, Buddy fi ẹ̀rọ gba àwọn orin kan sílẹ̀ nínú ilé ẹ̀ ní Greenwich Village ní New York, ohùn ẹ̀ àti gìtá nìkan. Nígbà tó kú, wọ́n kó àwọn onílù, onígìtá àtàwọn elégbè lé e lórí, wọ́n sì tà á. Ẹ wo ara àwo dáadáa, èyí tí wọ́n bá kọ "undubbed" sí, ìyẹn èyí tí wọn ò kó nǹkan kan lé lórí, ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ gbọ́ "Crying, Waiting, Hoping" lọ́nà méjèèjì, lójú tèmi èyí tó wà lásán yẹn ló dùn jù, ìkejì ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ó wá kan ikú. Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1959 ni bàálù kékeré já nítòsí Clear Lake ní Iowa, Buddy jẹ́ ẹni ọdún 22, Valens 17, olórin míì, J.P. Richardson tí wọ́n ń pè ní Big Bopper, 28, gbogbo wọn ló kú. Roger Peterson tó wa bàálù yẹn náà kú, ọmọ ọdún 21 ni, àwọn èèyàn kì í dárúkọ ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń lọ kọrin láti ìlú dé ìlú, òtútù ló sọ wọ́n dé bàálù, ẹ̀rọ amúlégbóná bọ́ọ̀sì yẹn ti bàjẹ́, òtútù ti ṣe ẹsẹ̀ onílù wọn léṣe débi tó fi dèrò ọsíbítù. Ní 1960, jàǹbá ọkọ̀ pa Cochran náà ní Ìlú Ọba, ẹni ọdún 21.

Ẹ wá tọ ipa orin yẹn lọ. Orin Cochran kan ni Paul McCartney kọ fún John Lennon lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní 1957, orin Buddy sì wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ní 1958, kí wọ́n tó máa jẹ́ Beatles. Ẹ gbọ́ "Not Fade Away" ti Buddy, kẹ́ ẹ fi ti Rolling Stones ní 1964 tẹ̀ lé e.

Tẹ́ ẹ bá ń to orin yín, ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tò ó, ẹ má wo ọdún tó jáde. 1960 ni "True Love Ways" jáde, àmọ́ oṣù kẹwàá 1958 ni Buddy ti kọ ọ́ ní New York, tòun ti àwọn oní-fáólìn rẹpẹtẹ. Ẹ fi sáàárín "Peggy Sue" àti àwọn orin inú ilé yẹn.