Ojú ni mo fi kọ́ ọ̀sìn ewúrẹ́

Kí n tó ra ewúrẹ́ kankan, mo lọ ń bá àwọn àgbà nídìí ọ̀sìn ṣiṣẹ́. Màmá kan ló kọ́ mi jù. Wọ́n ní kí n máa ti òkèèrè wo agbo láràárọ̀, torí ẹran máa ń fi àìsàn pamọ́ tó bá ti rí èèyàn nítòsí. Èwo ló dá dúró? Èwo ni kò jẹ àpọ̀jẹ? Ìgbà tí mo bá wò wọ́n tán ni mo tó ń gbé oúnjẹ wọlé, màá sì ṣọ́ èyí tí kò sáré wá.

Wọ́n kọ́ mi láti máa fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀sán. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n dáadáa, ẹ̀jẹ̀ wà lára. Tó bá funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aràn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran náà. Irú èyí nìkan ni wọ́n ń fún ní oògùn. Mo fara mọ́ ọn pátápátá: ẹni tó ń da oògùn aràn fún gbogbo agbo lóṣooṣù, aràn tí oògùn ò ràn mọ́ ló ń sìn.

Ẹran tuntun ń dá gbé fún bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kó tó wọ agbo. Ọjọ́ tí òbúkọ bá gun ewúrẹ́ ń wọ ìwé, torí bí ọjọ́ 150 ni oyún rẹ̀.

Lálẹ́ tí ewúrẹ́ kan ń rọbí, ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń dìde, ó ń dùbúlẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n fa ọmọ náà. Màmá ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní kí èmi náà ká tèmi. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló kọ́kọ́ yọ, imú ọmọ sùn lé wọn lórí. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Jẹ́ kó ṣe é fúnra ẹ̀."

Nígbà tọ́mọ bọ́ sílẹ̀ niṣẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀. A nu imú rẹ̀ kó lè mí, a ri ìwọ́ rẹ̀ sínú áyódíìnì, ìyẹn oògùn olómi tó ń pa kòkòrò àrùn, a fún orí ọmú ìyá rẹ̀ kí ohun tó dí i lè jáde, a sì dúró títí ọmọ fi mu wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn. Inú wàrà yẹn ni ohun tí ọmọ fi ń bá àrùn jà wà, tó bá sì ti tó wákàtí 24, ìfun rẹ̀ kì í gbà á mọ́.

Lónìí tí mo ti ní agbo tèmi, bó bá jẹ́ ìrù nìkan ló yọ, tàbí tí ewúrẹ́ ti ń tiraka fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí nǹkan ò jáde, dókítà ẹran ni mo ń pè.