Ohùn Bàbá Àgbà nínú MP3: bí mo ṣe yan ètò rẹ̀

Bàbá Àgbà sọ ìtàn ìdílé wa sínú fóònù mi fún ìṣẹ́jú 50. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn onílù gbà á lẹ́nu wọn, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo fi Audacity, áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, gé ibi tí àkùkọ ti ń kọ àti ibi tí Bàbá ti ń wúkọ́ kúrò. Ó wá ku ká rí i fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí n'Íbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ fáìlì WAV (ohùn tí a ò tíì fún pọ̀) ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 530 MB. Ta ló fẹ́ fi dátà tó fowó ara rẹ̀ rà gba ìyẹn?

MP3, tó ń fún ohùn pọ̀ kí fáìlì lè kéré, ló yá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ lèèyàn máa ń wá LAME tó ń ṣe MP3 kó tó lè bá Audacity ṣiṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tó hùmọ̀ MP3 (patent). Láti 2019 ló ti wà nínú rẹ̀.

Mo dín ìró tó ga jù kù sí -1 dB ná (dB ni òṣùwọ̀n ìró, 0 sì ni òpin rẹ̀), torí MP3 máa ń ta kọjá ibi tí WAV dé díẹ̀, ohùn á sì máa ha. Mo wá tẹ Export Audio. Ní Channels, mo mú Mono (ojú ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo): Bàbá kọjú sí fóònù gangan, ohun tó wà lọ́tùn-ún náà ló wà lósì. Sample Rate (iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), mo fi í sílẹ̀ ní 44100 tí fóònù fi gbà á.

Bit rate, ìyẹn iye dátà tí ìṣẹ́jú àáyá kan ń gbà (kbps ni wọ́n fi ń kà á), gan-an niṣẹ́ wà. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ pín in sí 8, ẹ ti mọ iye kílóbáìtì tí ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ. 64 kbps ń jẹ 8, ìṣẹ́jú 50 á sì jẹ́ 24 MB. 320 kbps á gbé e dé 120 MB. Mo kọ́kọ́ gbọ́ 32 wò pẹ̀lú írífóònù létí: gbogbo ibi tí Bàbá ti pe "s" ń ṣe bí ẹni tó fomi sẹ́nu sọ̀rọ̀. Ní 64, ohùn já gaara, àmì ohùn pé, kódà mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kí wọ́n tó ki oríkì. Mi ò rí ìdí tí màá fi lọ sókè sí i. Mo yan Constant (bit rate kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin) dípò Variable (èyí tó ń yí padà), torí àwọn rédíò kékeré onímẹ́mórì káàdì tí àwọn àgbà ń lò, òmíràn nínú wọn máa ń ṣi àkókò Variable kà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò gbà fún 64 rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ń dún yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń ṣáájú ọ̀pá dùndún kó tó ba awọ. Ohun tí MP3 rò pé etí ò ní mọ̀ ló ń gé sọnù, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì kún láti òkè délẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn máa gé níbẹ̀ tí kò ní hàn. Mo ya ìlù náà sọ́tọ̀, mo fún un ní 192 kbps, Stereo (ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), torí àwọn onílù fọ́n ká àgbàlá. Ìṣẹ́jú 5 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 7 MB.

Níbi orúkọ fáìlì, mo yọ àmì kúrò lábẹ́ "ẹ" àti "ọ". Ó dùn mí, ṣùgbọ́n rédíò ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ wọ́n di àmì ìbéèrè.

Àbúrò mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù gba 64 yẹn, ó bá tún un yí sí 320, ó ní kó lè mọ́ sí i. Fáìlì sanra ní ìlọ́po márùn-ún, ohùn wà bó ṣe wà, torí ohun tí MP3 bá ti dànù kì í padà wálé. Inú WAV ni mo ti ṣe 320 míì fún un.