Ẹ lo M pẹ̀lú Auto ISO níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti dúró sójú kan
Ẹ̀yin onífọ́tò, bí ẹni tí ẹ ń yà bá ń ti abẹ́ ibòji bọ́ sínú oòrùn, ẹ gbé kámẹ́rà sí M (Manual, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan shutter àti aperture), kí ẹ fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń yára mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó) sílẹ̀ lórí Auto. Shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀) 1/500 ìṣẹ́jú àáyá fún ẹni tó ń jó tàbí tó ń sáré (1/250 tó fún ẹni tó rọra ń rìn), aperture (fífẹ̀ ihò lẹ́ńsì) f/4, kí ISO má kọjá 6400. ISO nìkan ni kámẹ́rà á máa yí. Ìyókù wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ Av ni (níbi tí ẹ ti ń yan aperture, tí kámẹ́rà sì ń yan shutter), bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń dín kù ni shutter á máa wálẹ̀, ó lè dé 1/30 láìjẹ́ pé ẹ fura, ọwọ́ oníjó á sì dà bí èéfín. Bí aṣọ funfun bá gba gbogbo ojú àwòrán, ẹ fi exposure compensation (ètò tó ń sọ fún kámẹ́rà pé kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i tàbí kó ṣókùnkùn sí i) sí +1, torí kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ aṣọ náà di eléérú. Oòrùn ọ̀sán gangan ni kò bá ètò yìí lára mu: lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ISO kì í lọ sísàlẹ̀ 100, fọ́tò á wá funfun báláú. Níbẹ̀, ẹ gbé shutter lọ sí 1/2000.