Bí A Ṣe Ń Fẹ́ Èémí Sínú Ẹ̀rọ FeNO Kí Ìnhélà Sítẹ́rọ́ọ̀dù Tó Bẹ̀rẹ̀

Tí dókítà bá ti fura sí ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, ẹ̀rọ FeNO ló yẹ kó ṣáájú ìnhélà sítẹ́rọ́ọ̀dù. Gáàsì nitric oxide inú èémí ló ń wọ̀n. Irú wíwú kan nínú ọ̀nà èémí, èyí tí sítẹ́rọ́ọ̀dù máa ń kápá, ló ń mú un pọ̀. Tí oògùn bá ti ṣáájú, iye yẹn á ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń há, ẹ tọ́jú rẹ̀ ná. Ẹ̀rọ á dúró dè é.

Fún wákàtí kan ṣáájú, kò sí oúnjẹ, kò sí kọfí, kò sí sìgá, kò sí eré sísá. Lẹ́tíùsì àti bíìtì máa ń gbé iye náà sókè. Èmi yọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mọ́ wọn láti alẹ́ tó ṣáájú.

Fífẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń bà jẹ́. Ẹni tó ti lo peak flow rí, ìyẹn ẹ̀rọ tí a máa ń fẹ́ tagbáratagbára, ló burú jù: á fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná èédú. Ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ agbára! Mílílítà 50 ni kó máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ti ọmọdé lè jẹ́ 6. Tó bá yá jù, iye tó máa jáde á kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹ̀rọ tó dáa á kọ̀ ọ́, ẹ á sì tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ tú èémí inú dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ètè di ẹnu ẹ̀rọ pinpin, ẹ gba ibẹ̀ fa afẹ́fẹ́ títí àyà á fi kún, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sé e mọ́nú. Ẹ má sì gba imú fà á, torí gáàsì inú ihò imú pọ̀ ju ti ẹ̀dọ̀fóró lọ fíìfíì. Sítíróò tóóró ni mo fi ń kọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, owó ni.

Ìlànà tí Britain gbé jáde ní 2024 sọ pé 50 ppb (ìyẹn ìdá 50 gáàsì náà nínú bílíọ̀nù kan ìdá èémí) sókè, tí àmì àìsàn bá wà níbẹ̀, tó láti pè é ní ásímà fún àgbà. Fún ọmọ ọdún 5 sí 16, 35 ni. Lábẹ́ 25, ìrètí pé sítẹ́rọ́ọ̀dù máa ran àgbà lọ́wọ́ dín kù, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kì í ṣe ásímà. Sìgá lè fa iye náà wálẹ̀. Imú tí kò gba eruku lè gbé e sókè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ìnhélà, ẹ tún un fẹ́. Tí kò bá wálẹ̀, kí dókítà tó fi kún oògùn, ẹ jẹ́ kí aláìsàn fa ìnhélà lójú yín. Ọ̀pọ̀ kì í fà á rárá. Àwọn mìíràn ń fín in sórí ahọ́n.

Ẹ̀rọ náà wọ́n. Níbi tí kò bá sí, peak flow ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọ̀nà èémí ṣe ń fún tó ń ṣí ló ń wọ̀n, kì í ṣe gáàsì. Ìyẹn ni kí ẹ fẹ́ tagbáratagbára: ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa kọ èyí tó ga jù sínú ìwé. Tí ti àárọ̀ àti ti alẹ́ bá ń fi 20% jìnnà síra ní ìpíndọ́gba, ẹ gbé ìwé náà tọ dókítà lọ.