Bí a ṣe kó gbéborùn kúrò létí omi Ẹlẹ́yẹlé kí òjò tó dé

Ẹni tó bá ń gbé ìhà Àpẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn mọ gbéborùn, ewéko olódòdó àlùkò tó máa ń bo ojú omi Ẹlẹ́yẹlé bí ẹní. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, àwọn apẹja àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ pawọ́ pọ̀ kó o kúrò ní kọ̀rọ̀ omi tó kángun sí wa, a sì wá nǹkan ṣe sí i kó má baà tètè padà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n ṣe kòkáárí rẹ̀. Àwọn èèyàn láti àdúgbò mìíràn ń pè mí láti béèrè bí a ṣe ṣe é, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa tún un sọ lórí fóònù, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́yẹlé kì í ṣe adágún tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Odò Ọ̀nà ni wọ́n sé lọ́dún 1942 kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà yẹn, igbó ló yí i ká. Lónìí, àárín ilé ni odò náà ń gbà kọjá, ohun gbogbo tó bá sì bá pàdé lọ́nà, omi ọṣẹ, omi ṣaláńgá, ọ̀rá píọ́wọ́tà, ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́, inú adágún ló ń kó wọn sí. Ilẹ̀ tó ń wọ́ wọlé kì í jẹ́ kí omi jìn mọ́. Omi ọṣẹ àti ìgbẹ́ sì ni oúnjẹ gbéborùn. Àlejò ni ewé yẹn. Ìhà odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ó gba ojú omi Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì. Níbi tó bá ti rí oúnjẹ àti oòrùn, ọ̀sẹ̀ méjì tó o láti di ìlọ́po méjì. Ṣé ẹ wá rí i pé bí èèyàn ṣe ń kó o tí kò dí ẹnu ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásán ni.

Nínú ìpàdé àkọ́kọ́, àwọn kan fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú oṣù kẹfà, torí ìgbà yẹn ni ewé náà máa ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ jù. Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn apẹja kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má dá ara yín lágara. Lásìkò òjò, ìsàlẹ̀ odò ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ẹ ó kó o láàárọ̀, á ti dé padà kí ẹ tó jẹun ọ̀sán. Ọyẹ́ ni kí ẹ dúró dè."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, ó sì máa ń ti èyí tó ń léfòó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sápá ibi tí wọ́n ti sé omi. Èyí tó há sáàárín kùkùté àti koríko nìkan ló máa ń ṣẹ́kù ní kọ̀rọ̀ wa. Omi náà á ti fà sẹ́yìn, a sì lè dúró sórí ilẹ̀ gidi ṣiṣẹ́. Ìparí oṣù kìíní la bẹ̀rẹ̀, a sì fẹnu kò pé a gbọ́dọ̀ parí kí òjò oṣù kẹta tó dé.

Omi ìjọba ni, nítorí náà a kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ omi, a sọ ibi tí a fẹ́ ṣe àti ohun tí a ó lò. A kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé a kò ní da oògùn apakoríko kankan sí i. Omi tí èèyàn ń mu ni.

Ohun èlò kò le. Ọ̀pá ọparun gígùn tí a de irin tí a tẹ̀ bí ìwọ̀ mọ́ lẹ́nu, réèkì, àdá, okùn ọ̀rá, báró, àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí àwọn apẹja yá wa. Ohun tí mo takú lé lórí ni bọ́ọ̀tù òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ìgbín kéékèèké tó ń gbé ara ewé inú omi tí kò ṣàn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá fi ń ṣe ilé, kò sì dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Awọ ara ló ń gbà wọlé. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú, ló máa ń jáde jù lára ìgbín. Torí rẹ̀ la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tí a ń kúrò létí omi kí aago mẹ́wàá tó lù. Ejò náà sì fẹ́ràn abẹ́ ewé yẹn. Ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a kọ́ ara wa bí a ṣe ń dá ewé mọ̀. Igi ewé gbéborùn wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́ á dún pọ̀ọ́. Ojúoró kò ní ìyẹn. Ewé tirẹ̀ nípọn, ó rí múlọ́múlọ́, pẹrẹsẹ ló dùbúlẹ̀ sójú omi. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ti ta gbòǹgbò sísàlẹ̀, ewé rẹ̀ róbótó, ó sì tẹ́jú. Òṣíbàtà la ní kí wọ́n má fà rárá, torí ẹja ń fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ibòji. (Gbogbo wa la ti ṣàdúrà rí pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ó dà bí ẹni pé gbéborùn ló gbọ́ àdúrà náà tó sì ṣe àmín.)

Bí a ṣe fà á nìyí. Ẹni méjì nínú ọkọ̀ á fi àdá gé ewé tó so kọ́ra wọn sí abala tó tó ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n á ju ìwọ̀ sí i, àwọn tó wà lókè á fi okùn fà á wá sí etí omi. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe rí láti ọjọ́ kan dé èkejì, kò sí adùn nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá ń pariwo lé wa lórí ni pé kí a gbọn gbòǹgbò náà sínú omi dáadáa kí a tó gbé e gòkè. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ó dúdú, ó sì rí wúruwùru. Ọmọ ẹja ẹpìyà àti edé wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tó bá gbé e jù sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹja ọdún tó ń bọ̀ ló jù sílẹ̀ yẹn.

Bí ewé bá gòkè tán, ẹ má tètè gbé e. Nínú ìwọ̀n mẹ́wàá gbéborùn tútù, omi ju mẹ́sàn-án lọ. Ọyẹ́ tún bá wa ṣe níbẹ̀ yẹn: a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí ọkùnrin méjì kò lè gbé tẹ́lẹ̀ di ẹrù báró kan. Lẹ́yìn náà la padà sórí ẹrẹ̀ tí omi fà kúrò. Ọmọ gbéborùn wẹ́wẹ́ ti ń hù níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Òdòdó rẹ̀ máa ń tẹrí ba sínú omi nígbà tó bá rọ, á da èso sísàlẹ̀, èso náà sì lè wà nínú ẹrẹ̀ ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kó tó rí oòrùn. Ọwọ́ la fi tu wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, wọ́n ní sùúrù ju àwa ọkùnrin lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí a ó kó o sí. Mo máa ń rí i n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ ìmọ́tótó, àwọn èèyàn á kó gọ́tà, wọ́n á wọ́ ìdọ̀tí náà jọ sẹ́bàá gọ́tà kan náà, òjò kan á sì dá a padà. Èmi kò fẹ́ irú rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni omi dé lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, 2011?" Kò sí ẹni tí kò rántí. Ọjọ́ yẹn ni ìkún omi pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ n'Ìbàdàn, tó wó afárá Àpẹ̀tẹ̀, tó sì gé wa kúrò lára ìlú. Ìyá kan mú mi lọ sí ìdí ògiri kan, wọ́n fi ọwọ́ kan ibi tí omi dé. Òkè ibẹ̀ la gbé òkìtì wa sí, ibi tí àgbàrá kò ti ní dé.

Gbéborùn nìkan kì í tètè jẹrà dáadáa, ó nílò ohun tó máa mú un gbóná. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ adìẹ ti wọlé. Ẹnì kan wà lókè etí omi tó ń sin adìẹ, tó máa ń kó ìgbẹ́ wọn sójú àgbàrá. Bí òjò bá ti rọ̀, inú omi ló ń bọ́ sí, gbéborùn á jẹ àjẹyó. Àwọn kan nínú ìpàdé fẹ́ kí a fẹjọ́ wọn sun ìjọba. Mo ní kí a kọ́kọ́ lọ kí wọn ná.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Alàájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbẹ́ adìẹ yìí la wá tọrọ."

Wọ́n wò mí títí. "Ìgbẹ́? Akọ̀wé, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Àlàáfíà ni, mà. A fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ ni."

"Ẹ kó o! Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́kù rárá. Owó ni mo ń san fún ẹni tó ń bá mi kó o dànù."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń di í sínú àpò fún wa, wọn kò sì da á sójú àgbàrá mọ́. Lójú tèmi, ohun tó dára jù tí a ṣe nìyẹn, ó ju gbogbo fífà tí a fà lọ. Ohun tó ń bọ́ gbéborùn nínú omi ló wá ń jẹ ẹ́ run lórí ilẹ̀.

A to òkìtì náà ní ìpele: gbéborùn tó gbẹ díẹ̀ dé orúnkún, ìgbẹ́ adìẹ tó nípọn tó ìka mẹ́rin, eérú láti ààrò àwọn ìyá tó ń yan ẹja, ewé gbígbẹ, kó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì la ń yí i. Bí o bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, o kò ní lè fi í síbẹ̀ pẹ́. Ooru yẹn ló ń pa èso rẹ̀. Nígbà tí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, ó ti dúdú, kò rùn mọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi gbin ẹ̀fọ́. Gbéborùn máa ń fa òjé àti àwọn irin olóró mìíràn sínú ara rẹ̀, omi tó gba àárín ìgboro kọjá sì lè ní wọn. Ìdí igi àti ọparun tí a gbìn sétí omi láti di ilẹ̀ mú la kó o sí.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò fi hun agbọ̀n bí i ti Achenyo Idachaba tó dá MitiMeth, ilé iṣẹ́ tó ń fi gbéborùn hun nǹkan, sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Iṣẹ́ rẹ̀ wù mí. Àmọ́ igi ewé gígùn ló dára fún híhun, tiwa kúrú, ó sì dọ̀tí jù.

Kí òjò tó dé, ohun méjì ló kù. A so ọparun mọ́ra wọn lórí-lórí pẹ̀lú okùn ọ̀rá, a sì fi dábùú ẹnu kọ̀rọ̀ omi wa láti kùkùté kan sí èkejì, a fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà nínú oṣù kẹrin, tí gbéborùn ń bọ̀ láti òdìkejì, ara ọparun yìí ló ń dúró sí, a sì ń kó o níbẹ̀ kó tó wọlé. Ìkejì ni àwọ̀n onírin tí a fi sẹ́nu gọ́tà méjì tó ń já sínú omi. Ìyẹn gba kí ẹnì kan máa kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gọ́tà á kún sí òpópónà. Ilé tó kángun sí i la fà á lé lọ́wọ́, a sì yọ wọ́n kúrò nínú owó oṣooṣù ẹgbẹ́.

Lára ewé tí a ń kó báyìí, mo máa ń rí àpá róbóróbó funfun. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Neochetina ló ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbéborùn nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, sì ti tú u sórí omi ní Benin láti ọdún 1991. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í gba owó.

Láti mọ̀ bóyá omi ń dára, a kun ọmọrí garawa ọ̀dà ní dúdú àti funfun, a so okùn olójú-ìwọ̀n mọ́ ọn, a sì ń sọ ọ́ sísàlẹ̀ títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lọ́dún 1865. Ọmọ ilé-ìwé kan ló ń kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Lásìkò òjò, ẹrẹ̀ máa ń mú kó pòórá kíákíá. Nígbà ọyẹ́ ni kí ẹ fi ọdún wé ọdún.

Ọparun tó wà lójú omi ti ń rà báyìí, a ó pààrọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá fẹ́ wá wò ó kó tó ṣe tirẹ̀, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń wà létí omi, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Kí oníkálukú mú bọ́ọ̀tù tirẹ̀ wá, tiwa kò tó wa.