Ottawa sí Iqaluit: bí ẹ ṣe máa mọ iye wákàtí tí ẹ máa lò lófuurufú

Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nunavut, agbègbè kan ní àríwá Kánádà, máa ń pè mí pé, "Àǹtí, ṣé mo lè wa mọ́tò lọ ni?" Rárá o. Erékùṣù Baffin ni Iqaluit, olú ìlú Nunavut, wà, kò sí títì tó dé ibẹ̀ láti ìyókù Kánádà. Báàlù ni, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ẹ ṣí Google Maps lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mọ́ọ̀sì tẹ Ottawa, ẹ mú "Measure distance", kí ẹ wá tẹ Iqaluit. Á fún yín ní nǹkan bíi kìlómítà 2,090, ìyẹn Èkó sí Àbújá lọ́nà mẹ́rin. Báàlù ńlá bíi Boeing 737 ń sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan. Ẹ pín in, á lé díẹ̀ ní wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹ wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e, torí ó máa rìn nílẹ̀, ó máa gòkè, ó sì máa rọra sọ̀. Wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ nìyẹn. Aago ìlú méjèèjì kò yàtọ̀ síra.

Ibẹ̀ ni ìṣirò tó rọrùn parí sí. Tó bá jẹ́ Pangnirtung, ìlú kékeré kan ní Nunavut, ni wọ́n gbé yín lọ (Pang ni gbogbo ayé ń pè é), kò ju bíi kìlómítà 300 lọ láti Iqaluit. Ṣùgbọ́n báàlù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, irú ATR, ni wọ́n ń lò, kìlómítà 500 ní wákàtí kan ló mọ, nítorí náà ẹ ka wákàtí kan. Ojú ọ̀nà báàlù Pang wà láàárín ìlú gan-an, òkè gíga sì yí i ká. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jà tàbí tí kùrukùru bá bo ilẹ̀, awakọ̀ ò ní bà. Á yí padà sí Iqaluit, ẹ̀yin náà á sì tún máa wá ibi sùn.

Ẹ wo Grise Fiord, ìlú tó jìnnà sí àríwá jù tí àwọn ará ìlú ń gbé ní Kánádà. Láti Ottawa, kò tó kìlómítà 3,500. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó 5,000, ẹ sì máa débẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ti Grise Fiord, ẹ máa gba Iqaluit, ẹ gba Resolute, ìlú kékeré mìíràn ní Nunavut, kí ẹ tó wọ Twin Otter, báàlù kékeré tí kì í sá tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Kì í sì í lọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ ni kí ẹ fi ka irú ìrìn yẹn, ẹ gbàgbé wákàtí.

Nítorí náà, ẹ fi ó kéré tán ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé sí Nàìjíríà, ẹ má ra báàlù Èkó sí ọjọ́ kan náà tẹ́ ẹ máa kúrò ní Nunavut. Oògùn àti kóòtù òtútù, ọwọ́ ni kí ẹ gbé e dání, torí bí báàlù kékeré bá wúwo jù, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń já sílẹ̀. Gààrí àti ẹ̀gúsí lè wà nínú àpótí oníke tó ní ìdérí. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ náà ń kó oúnjẹ lọ bẹ́ẹ̀, torí ọjà wọn gbówó lórí. Ẹ fi téèpù dè é dáadáa, kí ẹ kọ orúkọ yín àti ti ìlú tẹ́ ẹ ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.